Bí Wọ́n Bá Dá Yín Dúró Lẹ́nu Iṣẹ́ ní Èkó: Bí Ẹ Ṣe Máa Gba Ohun Tó Tọ́ sí Yín

Láti Marina títí dé Ìkẹjà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń pe èèyàn sí ọ́fíìsì HR, ìyẹn ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Lẹ́tà á ti wà nílẹ̀, ìwé mìíràn á wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí, ímeèlì ilé iṣẹ́ á sì ti kú kí ẹ tó padà dé ìdí tábìlì yín. Ohun tí ẹ bá ṣe ní wákàtí yẹn lè fi kún owó tí ẹ máa rí gbà, ó sì lè gé e kúrú. Ẹjọ́ iṣẹ́, ẹjọ́ ìwé ni. Adájọ́ kì í wádìí bóyá ọ̀gá yín níkà nínú. Ohun tó máa béèrè ni pé: kí ni àdéhùn yín sọ, ṣé ilé iṣẹ́ tẹ̀ lé e?

Kí ẹ tó jáde nínú ọgbà

Ẹ gba lẹ́tà náà. Bí ẹ bá kọ̀ ọ́, ńṣe ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì yín, kò dá nǹkan kan dúró. Tí wọ́n bá ní kí ẹ fọwọ́ sí ẹ̀dà tiwọn, ẹ kọ “Received” sí i, ẹ fi déètì àti aago tì í, kí ẹ buwọ́ lù ú. Ẹ má kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwé kejì yẹn gan-an ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí ẹ bá rí “full and final settlement” nínú rẹ̀, ẹ ti fẹ́ fọwọ́ sí i pé ilé iṣẹ́ kò jẹ yín ní kọ́bọ̀ mọ́. Ẹ ní ẹ máa gbé e lọ sílé lọ kà. Kò sí òfin tó ní kí èèyàn fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, bó ti wù kí HR máa wo aago tó.

Àwọn mìíràn kò ní fún yín ní lẹ́tà rárá. Wọ́n á ní, “Ẹ kúkú fúnra yín kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí orúkọ yín má bàa bàjẹ́.” Ẹ má kọ ọ́. Ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kò lè béèrè owó nótíìsì. Kódà, òun gan-an lè di ẹni tó jẹ ilé iṣẹ́ ní nótíìsì. Tí wọ́n bá ti fi ipá gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ fi ímeèlì ara yín kọ̀wé sí HR lọ́jọ́ yẹn kan náà: ta ló sọ ọ́, níbo, aago mélòó, ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n fi halẹ̀. National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́, ti gbà á nínú àwọn ìdájọ́ rẹ̀ pé ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ tí wọ́n fi ipá gbà, ìléni ni. Ṣùgbọ́n bí oṣù mẹ́ta bá kọjá kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ó máa ṣòro kí ẹnikẹ́ni gbà yín gbọ́.

Ẹ dá kọ̀ǹpútà, fóònù, ID card àti kọ́kọ́rọ́ padà pẹ̀lú ìwé tí wọ́n buwọ́ lù pé àwọn rí i gbà. Ẹ má ṣe da fáìlì àwọn oníbàárà sínú ímeèlì ara yín bí ẹ ti ń jáde lọ. Ìwà yẹn ló ń sọ ìdádúró lásán di ẹ̀sùn olè.

Àwọn ìwé tiyín tó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín:

- lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, lẹ́tà tó fi iṣẹ́ yín múlẹ̀ lẹ́yìn àkókò ìdánwò, àti lẹ́tà ìgbéga tàbí àfikún owó oṣù;
- ìwé òfin òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní handbook;
- payslip, ó kéré tán ti oṣù 12 tó kẹ́yìn;
- gbogbo kúẹ́rì, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ní kí ẹ ṣàlàyé ìwà yín, àti ìdáhùn yín;
- ẹ̀rí ìsinmi tí ẹ kò tíì lò.

Handbook ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ní, òun sì ni ẹjọ́ wọn ń torí rẹ̀ ṣubú. Òṣìṣẹ́ tó bá pe ẹjọ́ ló máa gbé ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ síwájú adájọ́, kó sì fi ibi tí wọ́n ti rú u hàn. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ bá wa wá ẹ̀dà yín lónìí. Tí wọn kò bá fún yín ní àdéhùn kankan ní kíkọ, Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, Labour Act, sọ ní abala 7 pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé náà láàárín oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àìní ìwé kò sọ pé ẹ kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀: owó oṣù tó ń wọ báńkì, ímeèlì àti ID card lè jẹ́rìí.

Orúkọ wo ni lẹ́tà náà pè é?

“Termination” túmọ̀ sí pé àdéhùn ti parí. Nótíìsì gbọ́dọ̀ wà, tàbí owó dípò rẹ̀, ohun tí ẹ sì ti ṣiṣẹ́ fún ṣì jẹ́ tiyín.

“Summary dismissal” le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń sọ pé ẹ hùwà tó burú débi pé nótíìsì kò tọ́ sí yín, gírátúítì, ìyẹn owó ìdágbére tí ilé iṣẹ́ ń san fún ẹni tó ń lọ, sì lè bá a lọ tí handbook bá sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, owó ọjọ́ tí ẹ ti ṣiṣẹ́ àti pẹ́ńṣọ̀n yín kò sí lára ohun tí wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé.

“Redundancy” túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kò ṣẹ̀, iṣẹ́ ló dínkù. Abala 20 nínú Labour Act ní kí agbanisíṣẹ́ sọ ìdí rẹ̀ àti bó ṣe máa gbòòrò tó fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn, kó kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹni tó dé kẹ́yìn lọ, kó wo ìmọ̀ àti ìwúlò kálukú, kó sì gbìyànjú láti jíròrò owó tí wọ́n máa san. Tí wọ́n bá lé ẹni tó ti lo ọdún mẹ́sàn-án, tí wọ́n fi ẹni oṣù mẹ́fà sílẹ̀ ní ẹ̀ka kan náà, ẹ ní ìbéèrè láti bi wọ́n.

Àwọn lẹ́tà tó kàn sọ pé “your services are no longer required” (a kò nílò iṣẹ́ yín mọ́) ń fi ọgbọ́n sá fún ìdí ni. Ẹ kà wọ́n sí termination. Suspension, ìyẹn kí wọ́n ní kí ẹ lọ jókòó sílé fúngbà díẹ̀, kì í ṣe ìdádúró pátápátá ní tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ ni yín síbẹ̀, tí wọ́n bá sì ń san ààbọ̀ owó oṣù, ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí handbook ti gbà wọ́n láyè hàn yín.

Nótíìsì: òfin ní tirẹ̀, àdéhùn ní tirẹ̀

Ìwọ̀n tó kéré jù lọ nínú abala 11 Labour Act nìyí:

- oṣù mẹ́ta sísàlẹ̀: ọjọ́ kan;
- ó lé ní oṣù mẹ́ta, kò tó ọdún méjì: ọ̀sẹ̀ kan;
- ọdún méjì, kò tó ọdún márùn-ún: ọ̀sẹ̀ méjì;
- ọdún márùn-ún sókè: oṣù kan.

Nótíìsì tó bá tó ọ̀sẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu tàbí ìpè fóònù kò tó. Bí àdéhùn yín bá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àdéhùn lẹ máa dì mú. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní Èkó ló ń kọ oṣù kan sínú àdéhùn, tí wọ́n sì ń ṣe bí ẹni pé ọ̀sẹ̀ méjì ni gbogbo ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́.

Labour Act kò bo gbogbo èèyàn o. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ló wà fún. Máníjà, ẹnjiníà, akáúńtáǹtì àti àwọn bẹ́ẹ̀ kò sí lábẹ́ rẹ̀. Àdéhùn àti handbook ni odi wọn. Tí àdéhùn kò bá dárúkọ nótíìsì, adájọ́ á wo iye àkókò tó bójú mu fún irú ipò bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin contract staff tí ilé iṣẹ́ kan gbà, tí ẹ ń ṣiṣẹ́ fún báńkì tàbí ilé epo mìíràn, ẹ wo ẹni tó buwọ́ lu lẹ́tà yín, ẹni tó ń san owó oṣù, àti ẹni tó ń pàṣẹ iṣẹ́. Tí wọ́n bá yàtọ̀ síra, lọ́yà yín lè pe méjèèjì lẹ́jọ́ pọ̀, kí wọ́n má bàa máa ti ẹjọ́ sí ara wọn lọ́rùn.

Ẹ ṣírò owó náà fúnra yín

Ẹ má dúró de ìṣirò HR. Ẹ jẹ́ ká mú akọ̀wé kan ní Ilúpéjú: owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦150,000, ₦90,000 nínú rẹ̀ ni basic (owó iṣẹ́ gan-an láìka ajẹmọ́nú), ó ti lo ọdún mẹ́ta, wọ́n dá a dúró ní ọjọ́ 18 oṣù tó ní ọjọ́ 30, ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá ṣì kù fún un.

Owó ọjọ́ tó ti ṣe: 150,000 pín sí 30, lọ́nà 18, ₦90,000 nìyẹn. Ìsinmi: tí àdéhùn bá ní wọ́n máa san owó ìsinmi tí kò lò, ẹ pín 150,000 sí ọjọ́ iṣẹ́ 22, ẹ wá fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ nǹkan bíi ₦68,182.

Nótíìsì ni ibi tí ìjà máa ń wà. Tó bá jẹ́ Labour Act nìkan ló ní, ọ̀sẹ̀ méjì ni, òfin náà sì ní kí wọ́n ṣírò rẹ̀ láìfi ajẹmọ́nú àti owó àṣekún kún un. ₦90,000 lọ́nà 12, pín sí ọ̀sẹ̀ 52, lọ́nà méjì: nǹkan bíi ₦41,538. Ṣùgbọ́n tí àdéhùn rẹ̀ bá kà pé “one month's gross salary in lieu of notice” (owó oṣù kan lódindi pẹ̀lú ajẹmọ́nú, dípò nótíìsì), ₦150,000 ni. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ló fa ìyàtọ̀ tó lé ní ₦100,000. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo owó oṣù kẹtàlá, bónọ́ọ̀sì àti gírátúítì, tí wọ́n bá wà ní kíkọ. “A máa ń san án” nìkan kì í sábà tó.

Ìyọkúrò wá ńkọ́? Ní àwọn ilé ìtajà Balógun àti Ìdúmọ̀tà, wọ́n á ní ọjà dín, wọ́n á sì gbá gbogbo owó oṣù mọ́ ọn. Abala 5 kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti yọ owó nítorí àdánù tàbí ìbàjẹ́, àfi tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní kíkọ, tó sì jẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí kò bìkítà. Owó tí ẹ yá lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ yàtọ̀. Ìwé àyálò náà lẹ máa wò.

Bí wọ́n bá ṣàdédé fi owó nótíìsì sínú àkáǹtì yín, ẹ má ná an kí ẹ dákẹ́. Ilé ẹjọ́ ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé ẹni tó gba owó ìdádúró rẹ̀ láìjanpata kò lè padà wá sọ pé wọn kò dá òun dúró bó ṣe yẹ. Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ kíákíá pé ẹ rí owó náà, pé kò pé, pé ẹ kò sì yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yín lórí ìyókù. Ìyẹn kò dí gbogbo ihò, àmọ́ ó sàn ju ìdákẹ́jẹ́ lọ.

Ṣé wọ́n ṣẹ̀ yín lábẹ́ òfin?

Ọ̀rọ̀ tó korò ni èyí. Ní ilé iṣẹ́ aládàáni, Supreme Court ṣì dúró lórí rẹ̀ pé agbanisíṣẹ́ lè dá òṣìṣẹ́ dúró láìsọ ìdí, tó bá ṣáà ti fún un ní nótíìsì tó yẹ. Ṣùgbọ́n tó bá ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí, òun ló máa fi ẹ̀rí gbè é. Láti ìgbà àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè, ti 2010, National Industrial Court ní agbára láti wo ìwà àìtọ́ lẹ́nu iṣẹ́ àti ìlànà tí ayé ń tẹ̀ lé, àwọn adájọ́ kan níbẹ̀ sì ti ń sọ pé lílé èèyàn láìsọ ìdí kò bágbà mu mọ́. Ẹ lè gbé e kalẹ̀ nínú ẹjọ́ yín, kí ẹ má kàn fi gbogbo ìrètí lé e lórí.

Ẹ̀sùn tó wúwo ń béèrè pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu yín. Kì í ṣe dandan kí wọ́n dúró de ìdájọ́ ilé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn olè kí wọ́n tó lé èèyàn. Ohun tó jẹ́ dandan ni pé kí wọ́n sọ ẹ̀sùn náà fún yín, kí ẹ sì rí àyè fèsì. Nítorí náà, ẹ dáhùn kúẹ́rì ní kíkọ nígbà gbogbo, kódà tí wọ́n bá fún yín ní wákàtí kan péré. Ẹ kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé wákàtí kan ni wọ́n fún yín.

Wọn kò gbọ́dọ̀ lé yín torí pé ẹ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Obìnrin tó wà ní ìsinmi ìbímọ, tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12 lábẹ́ abala 54, wọn kò gbọ́dọ̀ fún un ní nótíìsì nígbà tó wà nínú ìsinmi náà. Tó bá ti lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀, ó kéré tán ìdajì owó oṣù rẹ̀ tọ́ sí i.

Ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ tí òfin dá sílẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Níbẹ̀, bí wọ́n kò bá tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ inú òfin, ilé ẹjọ́ lè dá èèyàn padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹjọ́ tí gbogbo lọ́yà ń tọ́ka sí jáde láti Akọkà níhìn-ín: Olaniyan àti Yunifásítì Èkó, tí Supreme Court dá ní 1985. Ní ilé iṣẹ́ aládàáni, owó lẹ máa gbà; iṣẹ́ yẹn kò sábà padà wá.

Kí ẹ tó dé ilé ẹjọ́

Ẹ kọ lẹ́tà kan tí kò ju ojú ewé kan sí méjì lọ sí ọ̀gá àgbà, kí ẹ̀dà lọ sí HR. Ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n dá yín dúró, gbólóhùn tí wọ́n rú nínú àdéhùn, iye owó ní ìlà kọ̀ọ̀kan, àkáǹtì yín, àti ọjọ́ 14 kí wọ́n fi san án. Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́, kí ẹ sì gbé ẹ̀dà lọ sí gbàgede ilé iṣẹ́, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ìwé yẹn máa dé iwájú adájọ́.

Tí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ẹ̀dà. Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà ń parí aáwọ̀ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Ó dára fún owó oṣù tí wọ́n jẹ àti ìwé ẹ̀rí tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé. Tí ẹ bá fẹnu kò níbẹ̀, kí ó wà ní kíkọ, pẹ̀lú déètì ìsanwó. Ẹ tún lè fi ẹjọ́ sun àwọn òṣìṣẹ́ Ministry of Labour.

Àgọ́ ọlọ́pàá kọ́ ni ibi gbígba gbèsè owó oṣù. Tó bá jẹ́ agbanisíṣẹ́ ló fi ọlọ́pàá mú yín lórí ọ̀rọ̀ àdéhùn lásán, ẹ rántí pé Police Act ti 2020, abala 32, sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí pé ó kàn rú àdéhùn. Ẹ̀sùn olè tàbí jìbìtì yàtọ̀ síyẹn. Ẹ pe lọ́yà kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ ní àgọ́.

Nígbà tó bá di ẹjọ́

National Industrial Court nìkan ló ní àṣẹ lórí ẹjọ́ iṣẹ́, ti Èkó sì wà ní Lugard Avenue, Ìkòyí. Ẹni tó bá gbé e lọ sí kóòtù májísíréètì tàbí High Court máa ná owó, á lo oṣù púpọ̀, wọ́n sì lè dà á nù tàbí kí wọ́n darí rẹ̀ sí ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ máa kó lọ ni fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn, àlàyé ọ̀rọ̀, orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí, ẹ̀rí tí wọ́n búra sí ní kíkọ, àti ẹ̀dà gbogbo ìwé. Ẹni tí kò lágbára àtisan owó lọ́yà lè lọ bá Office of the Public Defender ti ìpínlẹ̀ Èkó. Tí ẹ bá gba lọ́yà, ẹ kọ àdéhùn owó sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ẹjọ́ ti sábà ń dojú dé:

Orúkọ. Orúkọ tó wà lórí pátákó ilé iṣẹ́ lè má jẹ́ orúkọ tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀. Ẹ wá a lórí ìkànnì CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ orúkọ òwò lásán, ẹni tó ni òwò náà lẹ máa pè.

Ẹ̀rí orí fóònù. WhatsApp, ímeèlì àti ìwé báńkì tí ẹ tẹ̀ jáde ń béèrè ìwé ẹ̀rí abala 84 nínú Evidence Act ti 2011, tó ń ṣàlàyé ẹ̀rọ tó ti jáde wá. Ẹ má pa àwọn ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ẹ má sì ta fóònù náà.

Àkókò. Fún ẹjọ́ àdéhùn ní ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún mẹ́fà ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń bá òfin oṣù mẹ́ta tó ń dáàbò bo àwọn aláṣẹ ìjọba pàdé. Supreme Court ti sọ pé kò kan àdéhùn iṣẹ́, síbẹ̀ àwọn lọ́yà ìjọba ṣì lè fi fa ẹjọ́ gùn. Ẹ pe ẹjọ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé, kí ọ̀rọ̀ náà má tiẹ̀ wáyé.

Pẹ́ńṣọ̀n

Ọjọ́ tí wọ́n bá dá yín dúró ni kí ẹ béèrè statement (ìwé tó ń fi owó tó wọlé hàn) lọ́wọ́ PFA yín, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó pẹ́ńṣọ̀n yín. Lábẹ́ Pension Reform Act ti 2014, òṣìṣẹ́ ń dá 8%, agbanisíṣẹ́ ń dá 10%, ó kéré tán. Lórí ₦150,000 tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ basic, owó ilé àti owó ọkọ̀, ₦27,000 ló yẹ kó máa wọlé lóṣooṣù, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n san owó oṣù. Ẹ fi statement sí ẹ̀gbẹ́ payslip, oṣù sí oṣù. Tí payslip bá ní wọ́n yọ ₦12,000, tí statement sì ṣófo, wọ́n ti ná owó yín nìyẹn. PenCom, àjọ ìjọba tó ń ṣàbójútó ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣọ̀n, lẹ máa kọ̀wé sí, pẹ̀lú ẹ̀dà méjèèjì. Ìtanràn tó kéré tán 2% lóṣù wà lórí owó tí wọn kò fi ránṣẹ́.

Ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún, tí kò sì rí iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, lè gba tó 25% nínú owó tó wà nínú àkáǹtì pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀. PFA máa béèrè lẹ́tà ìdádúró, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹ̀dà rẹ̀ kan ṣoṣo bá fáìlì lọ sọ́dọ̀ lọ́yà. Tí lẹ́tà kò bá sí nítorí pé ẹnu ni wọ́n fi lé yín, ẹ kọ̀wé béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ HR ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ìbéèrè náà tí wọ́n lu òǹtẹ̀.